Bá Àwọn Páńdà Náà Délé

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àjọkẹ́ mi, Mùlíkátù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà rẹ̀ bò ọ́ níbi tí o wà ní Jámánì lọ́hùn-ún. Èmi àti ìyá rẹ wà láyé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, orúnkún ń dun ìyá rẹ, lífìtì ilé wa sì tún ti kọṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì nínú wa máa ń kọ́kọ́ jókòó rò ó dáadáa. Bí a bá sọ fún ọ lórí fóònù pé dáadáa la wà, irú dáadáa tí à ń sọ nìyẹn.

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó mú bírò. Mi ò sí lára àwọn tó ń kọ lẹ́tà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú yìí, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ mi àti àkókò tí mo gbé ọkọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pè wá lánàá, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìwọ ń sunkún, ìyá rẹ ń sunkún, èmi sì di fóònù mú láàárín yín bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ́wọ́ tí kò rí ibi gbé e kalẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì lónìí. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá máa ń lọ́ ọ láhọ́n. Kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá yé ọ, pe ìyá rẹ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ jẹ́ ti bọ́ọ̀sì àti ti káńsù. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò sí nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Àwọn páńdà ìbejì tí ìyá wọn bí sínú ọgbà ẹranko tí o ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí o ti ń tọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì tóbi ju èkúté lọ, wọ́n ti dàgbà. Ìjọba Ṣáínà ló ni bàbá àti ìyá wọn; wọ́n kàn fi wọ́n yá ìlú tí o wà ni. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ti Ṣáínà náà ni. O mọ èyí láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́. Ní báyìí, àsìkò ti tó kí àwọn ọmọ náà lọ sílé. Ọ̀gá rẹ ní kí o bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú, kí o dúró tì wọ́n lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí wọn yóò fi mọ àwọn tó máa tọ́jú wọn. Ìwọ wá sọ pé o ò lọ. O ní kí ọjọ́ náà tó pé, wàá ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Dádì," o ní, "mi ò lè ṣe é. Kí n gbé wọn fún wọn, kí n máa wave? I can't. Màá padà wá sí Peckham, màá wá iṣẹ́ mìíràn."

Àjọkẹ́, mo fẹ́ kí o bá wọn lọ. Mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Ìyókù lẹ́tà yìí, ìdí rẹ̀ ni.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí èmi àti ìyá rẹ wá wò ọ́ níbi iṣẹ́? Kí ọjọ́ náà tó dé, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ kò yé mi. Bí àwọn ènìyàn bá bi mí ní mọ́ṣáláṣí wa ní Old Kent Road pé kí ni Mùlíkátù ń ṣe ní Jámánì, mo máa ń sọ pé o wà ní ẹ̀ka kan níbẹ̀. Wọn a ní, "Mà ṣá Allah, ẹ̀ka wo?" Èmi a máa wá bàtà mi. Ọmọ tí mo rò pé yóò di oníṣègùn òyìnbó ló ń gé oparun fún ẹranko.

Nígbà tí a wá dé ibẹ̀, o mú wa dúró níwájú gíláàsì ńlá. Ìyá páńdà náà jókòó, ó fẹ̀yìn ti òkúta, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fi eyín bó oparun bí àgbàlagbà tó ń jẹ ìrèké ní ìrọ̀lẹ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe jókòó! Bíi Bàbá Mùlí tó bá ti ibi iṣẹ́ dé." O wá sọ fún wa pé bí páńdà bá bí ìbejì, ọ̀kan péré ló máa ń tọ́, yóò sì pa èkejì tì, nítorí agbára rẹ̀ kò gbé méjì. O ní ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn lẹ máa ń yọ ọ̀kan kúrò láyà rẹ̀, ẹ ó gbé e sínú àpótí tó ń móoru, ẹ ó sì gbé èkejì fún un. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ tún pààrọ̀ wọn. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe mu ọmú ìyá wọn, tí ẹ̀yin náà sì ṣe gbé àwọn méjèèjì láyà. O ní orúkọ Ṣáínà wà lára ògiri fún wọn, ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́, Táyé àti Kẹ́yìndé lo máa ń pè wọ́n. Mo bá ọ wí. Mo ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àti pé Táyé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò sí ní ìdílé wa. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ni o lọ sídìí irin, o ní, "Wá, wá jẹun." Yorùbá lo fi pè é. Ẹranko tó sùn sórí igi lókè lọ́hùn-ún gbé orí, ó sọ̀ kalẹ̀ gbìrì, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ nílẹ̀. Mo yí ojú mi padà. O bi mí pé ṣé òtútù ni. Mo ní òtútù ni.

Kì í ṣe òtútù. Jàmíù ni mo rántí.

O kéré nígbà náà, mi ò mọ bí ohun tó kù lọ́kàn rẹ ti pọ̀ tó. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sìdíkátù, ìyá Jàmíù, ará ìlú ìyá rẹ ni. Ó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè àríwá orílẹ̀-èdè yìí, ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ó sì bí ọmọ sórí ẹ̀kọ́ náà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lóru, ó ń kàwé lọ́sàn-án, kò sí ẹni tí yóò gbé ọmọ. Ó gbé e wá bá wa, ọmọ náà kò tíì lè dá dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un títí n ó fi parí." Ìyá rẹ ní kó gbé e sílẹ̀.

Gbogbo ayé rò pé ìyá rẹ ló tọ́ Jàmíù. Àjọkẹ́, èmi ni. Ìyá rẹ wà nílé ìdáná ọsibítù láti àárọ̀, kì í wọlé títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì òru, èmi ni mo wà nílé lójúmọmọ. Bí mo bá ti mú ọ dé iléèwé, màá fi ìró ìyá rẹ pọn ọmọkùnrin náà, a ó gba Rye Lane lọ ra ẹja. Àwọn obìnrin orí àtẹ̀gùn wa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹlẹ́ja tí mo máa ń ra títù lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ orúkọ mi. "Daddy baby" ló ń pè mí. Mo mọ gbogbo ìṣe ọmọ náà. Kì í jẹ sẹ̀mó àfi tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ ihò sí i láàárín kí ọbẹ̀ lè dúró síbẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀rọ tí a fi ń gbá ilé máa ń bà á. Kì í sùn àfi tí o bá ń fi ọwọ́ ra á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìwọ lo ń pè mí ní Dádì, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ́ ọ. Mi ò sì ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀.

Sìdíkátù ń wá nígbà tí àyè bá gbà á, ṣùgbọ́n àyè kì í sábà gbà á. Bí ó bá wá, ọmọ náà a máa wò ó bí àlejò tó mú bisikíìtì wá. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún títí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló kan ilẹ̀kùn. Ó ní ọkọ òun ti rí ilé tó dára ní Ìlọrin, òun náà ti rí iṣẹ́ síbẹ̀, òun wá mú ọmọ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó na ọwọ́.

"Jàmíù, wá. Èmi ni Mọ́mì."

Ọmọ náà lọ sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Rárá. Mọ́mì mi wà níbi iṣẹ́."

Sìdíkátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ wa, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó gbójú sókè sí mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn ẹni tí ó ti rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo ènìyàn ló ní ìmọ̀ràn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Deptford ní kí Sìdíkátù gbé ọmọ náà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, bí ẹni já báńdéèjì lára egbò. Àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí sọ pé kí ni mo ń da ara mi láàmú sí, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo dá a lóhùn pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Pé èmi wà lára igba náà. Àmọ́ nínú mi, ohun tí ìwọ ń rò báyìí lèmi náà ń rò. Mo ti bá ẹnìkan níbi iṣẹ́ sọ ọ́ pé kí a pààrọ̀ àkókò iṣẹ́, kí ó lè jẹ́ pé orí bọ́ọ̀sì ni n ó wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé e lọ. Kí n délé kí ilé ti pa lọ́lọ́, kó ti tán.

Ohun tó dá mi dúró ni pé mo rí Sìdíkátù nínú bàlùwẹ̀ wa. Ó ń gbìyànjú láti fọ orí ọmọ náà, omi ń wọ ọmọ lójú, ó ń ké, Sìdíkátù náà ń ké. Nọ́ọ̀sì ni o! Ọmọ ẹlòmíràn mélòó ló ti wẹ̀? Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé Jàmíù kì í jẹ́ kí a da omi sí òun lórí láti iwájú. Ta ni ì bá sọ fún un? Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ gbé ohun tí mo mọ̀ náà sá lọ.

Mo ní, "Sìdí, má tíì lọ. Dúró tì wá díẹ̀." Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó sùn sí pálọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwọ lo fún un ní búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ.

Nítorí náà, ìkíní: má ṣe kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kúrò. Ọmọdé kò mọ ohun tí "ó dìgbà" jẹ́, ẹranko kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ẹni tó wà níbẹ̀. Bí o bá lọ, tí wọ́n tún gbé wọn sínú àpótí irin, tí ariwo ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀, ohùn wo ni wọn yóò gbọ́? O ti ń kọ́ wọn láti oṣù tó kọjá bí wọ́n ṣe ń wọ àpótí náà jẹun kí wọ́n má bàa bẹ̀rù rẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi. Ṣé wàá wá jẹ́ kí ẹlòmíràn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn?

Ìkejì: ohun tí o mọ̀ kì í ṣe tìrẹ láti gbé pamọ́. Mo kọ́ Sìdíkátù ní gbogbo rẹ̀, ó sì ń jò lára mi bí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bàlùwẹ̀, ó ń wò mí. Lọ́jọ́ kejì ó bá mi mú ọṣẹ. Lẹ́yìn náà èmi ni mo mú ọṣẹ. Ó tẹ ihò sí sẹ̀mó, ó tẹ̀ ẹ́ jù, ọbẹ̀ jò, Jàmíù fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́. Sìdíkátù jáde lọ dúró síta, ó dì mọ́ irin àtẹ̀gùn. Àjọkẹ́, inú mi dùn díẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo jẹ́ kó tutù lára mi tán kí n tó jáde lọ pè é wọlé.

Ìwọ náà, inú rẹ máa dùn díẹ̀ bí àwọn ọmọ náà bá kọ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Má bẹ̀rù rẹ̀. Jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn náà kí o wá kọ́ wọn: pé Táyé kì í fẹ́ oparun tó ti gbẹ létí, pé ariwo irin máa ń já Kẹ́yìndé láyà, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́. Kí o sì kọ́ wọn ní "wá jẹun." Ahọ́n wọn yóò lọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n tìrẹ náà ń lọ́, ẹranko ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, mo ń dúró lórí àtẹ̀gùn nígbà tí Sìdíkátù bá ń fún Jàmíù lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, mo ń lọ títí dé Rye Lane. Ní ọjọ́ kan mo ti ọjà dé, mo ṣílẹ̀kùn, àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n ń fi páálí bisikíìtì kọ́ ilé. Jàmíù kò gbé orí rẹ̀ sókè. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, omi ẹja ń kán láti inú ọ̀rá sí mi lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò wa kọjá, ó bi mí pé ṣé mo ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìkẹta ni èyí tí mo ṣì ṣe, ìwọ ni mo sì ṣẹ̀. A ò sọ fún ọ pé Jàmíù ti lọ pátápátá. A ní ó lọ lo ìsinmi. Ìwọ ń gbé àwo rẹ̀ sórí tábìlì, ìyá rẹ ń gbé e kúrò, a ò sọ̀rọ̀. Títí olùkọ́ rẹ fi pè mí pé o ń sunkún ní kíláàsì, o ò sì sọ ìdí. A rò pé bí a ò bá dárúkọ rẹ̀, yóò tètè tán. Kò tán. Ó kàn ń bẹ nílé láìní orúkọ. Nítorí náà, sunkún, ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Sunkún níwájú ọ̀gá rẹ, sunkún létí gíláàsì, kí o sì tún gbé oparun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹranko lásán ni, má bá a jà. Kò gbé wọn rí nígbà tí wọn kò ju èkúté lọ.

Mo ní láti sọ èyí náà: lẹ́yìn tí Jàmíù lọ, ìyá rẹ ni gbogbo ènìyàn ń kí. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọkàn o, Ìyá Mùlí." Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò sí ẹni tó kí mi. Mo wá ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́, mo ń wa ọkọ̀ títí ojú mi fi ń pọ́n, mo rò pé bí ó bá rẹ̀ mí tó, n kò ní ráyè ronú. Irú àárẹ̀ yẹn kì í lọ bí o bá sùn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lára mi. Má gba ọ̀nà yẹn. Sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé ó ń dùn ọ́. Àwọn ará Jámánì náà ní etí.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Ìyá rẹ ti gbé tíì wá, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á. Ó bi mí pé, "Bàbá Mùlí, ṣé ẹ ti kọ tèmi?"

Mo ní, "Tìrẹ wo?"

Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé èmi sá. Lọ́jọ́ tí Jàmíù lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní mo lè dúró nílé, mo lọ. Títí di òní, lójú tèmi, ọmọ yẹn kò tíì lọ. Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà. Ẹ̀yin rí i tó wọ mọ́tò. Èmi ò rí i."

A ti ń gbé pọ̀ láti ìgbà náà, kò sọ ọ́ rí. Ó gbé ife tíì tirẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi nǹkan kún un.

Nípa ti iṣẹ́ tí o ní o fẹ́ fi sílẹ̀, mi ò ní kí o má fi í sílẹ̀. O ti dàgbà. Ṣùgbọ́n má fi omijé kọ̀wé. Lọ Ṣáínà, bọ̀, sùn, jẹun, kí o wá wò ó bóyá o ṣì fẹ́ kọ ọ́. Bí o bá fẹ́ wá sílé, wá. Máṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ ti gba ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà, a ó ti í sẹ́yìn. Kí o mú aṣọ òtútù dání. Kí o bèèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ kí o tó jẹ ẹ́. Kí o máa pè wá. Ìyá rẹ kì í sùn bí o bá wà nínú ọkọ̀ òfurufú.

Ó kù kan, òun ló sì le jù láti kọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tó ọdún kan àti díẹ̀, mo lọ sílé, mo sì yà sí Ìlọrin. Mi ò sọ fún ọ nígbà náà, nítorí mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Mo ra bàtà fún Jàmíù, ó kéré fún un. Sìdíkátù gbé àga fún mi sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé. Ọmọ náà kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," ó sì sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ó ti ga. Ohùn rẹ̀ ti di ti Ìlọrin pátápátá.

Ibi tí ó ti ń sáré ni ó ti ṣubú. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó dìde, ẹ̀jẹ̀ wà ní orúnkún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àjọkẹ́, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti la apá mi méjèèjì, bí mo ti máa ń ṣe.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò wò mí rárá. Ó lọ bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sin ojú rẹ̀ mọ́ ọn níkùn, ó ń ké "Mọ́mì, Mọ́mì." Sìdíkátù dì í mú. Láti orí ọmọ náà, ó wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo sọ apá mi kalẹ̀. Mo ní, "Alhamdulillahi." Mo tún un sọ, nítorí àkọ́kọ́ kò jáde dáadáa.

Jàmíù ti di ọkùnrin báyìí. Ó máa ń pè mí bí ọdún Iléyá bá dé. Ó ní, "Uncle, ẹ kú ọdún." Mo máa ń dá a lóhùn, mo máa ń ṣàdúrà fún un, a ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Ó ń dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí apá tí ó sá lọ bá lọ́jọ́ náà, mo mọ ẹni tó kọ́ apá náà bí a ṣe ń gbá a mú.

Nítorí náà, lọ. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá dúró sídìí irin lọ́hùn-ún, tí ó fi ahọ́n lílọ́ pe Táyé àti Kẹ́yìndé wá jẹun, tí wọ́n sì sáré lọ bá a láìwo ibi tí o dúró sí, má pè é ní àìmoore. Dúró níbẹ̀, kí o wò ó tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, gbé báàgì rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Èmi ni,

Bàbá rẹ.